Fáyà Tí Mo Gbà Wọ Ilé Ara Mi

Èmi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo ti sọ fún tíṣà pé ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wà tí kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè kọ́ mi láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n: fáyà. Ó wà lára páálí tó dúró níwájú takisí mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: ARÁMỌ̀KỌ́ SÍ Ẹ̀FỌ̀N VIA ÌKÒGÒSÌ.

Ọ̀nà méjì ló lọ sí Ẹ̀fọ̀n láti Arámọ̀kọ́. Èyí tó gba Ìtawúrẹ́ yá. Èyí tó gba Ìkògòsì ń lọ́ bí ìfun ewúrẹ́, ṣùgbọ́n èrò wà níbẹ̀. Fáyà ló ń jẹ́ kí èrò mọ èyí tí awakọ̀ máa gbà kó tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀. Ọmọ yunifásítì kan tí mo gbé sọ fún mi pé èdè Látìn ni, ti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, ó ní "ọ̀nà" ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo ní á jẹ́ pé awakọ̀ ni wọ́n nìyẹn.

Kò sóhun tí mi ò fi fáyà sọ. Iyán ń wọ ikùn mi fáyà ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Bí èmi àti ìyàwó mi bá jà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ fáyà àwọn ọmọ. Ní gáréèjì wa, ohun tí o bá kọ síwájú ọkọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìyẹn. Awakọ̀ tó bá kọ Ìkògòsì tó wá gba ibòmíràn, òpùrọ́ la ó máa pè é. Èmi gan-an ni mo máa ń pariwo òfin yìí jù.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ wá mọ̀ wá nítorí ọmọbìnrin mi, mo sáré lọ kó iṣu ní Arámọ̀kọ́ láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ti kìlọ̀ fún mi nílé wa ní Ẹ̀fọ̀n kí n tó jáde: "Bí o ò bá tètè dé, èmi ni n ó jókòó sórí àga bàbá ìyàwó o." Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àga yẹn ti ń wù ú láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ náà lórúkọ.

Mo di iṣu sẹ́yìn ọkọ̀, Ìtawúrẹ́ ni mo fẹ́ gbà, mi ò sì fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni. Mo gbàgbé láti yọ páálí kúrò níwájú ọkọ̀. Kí n tó yíjú padà, ìyá arúgbó kan ti jókòó síwájú, ó gbé ewúrẹ́ lé ẹsẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbé èrò lónìí."

"Ìkògòsì kọ́ lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ìkògòsì ni, Ìyá, ṣùgbọ́n..."

"Mi ò rí ṣùgbọ́n lára páálí. Ulé mi ni mò ń lọ. Wa ọkọ̀ rẹ."

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ti pé lé wa lórí. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá Fáyà, ojú wa wà lára yín o!"

Kí ni n bá ṣe? Mo gba Ìkògòsì. Ewúrẹ́ ń ké sí mi létí títí a fi débẹ̀. Ìyá sọ̀kalẹ̀, ó ní ọkọ̀ mi ń mi jù.

Bí mo ṣe ń pọ́n òkè lẹ́yìn ìlú, mo rí bọ́ọ̀sì kan tó ń rú èéfín. Àwọn èèyàn tó wọ aṣọ ńlá jókòó sínú koríko. Ọkọ ìyàwó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ká agbádá funfun mọ́ ọrùn. Àwọn àna mi ni!

Bàbá ọkọ ìyàwó dìde, òógùn bò ó. "Àna wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbí rárá. A rò pé ẹ ó ti ní a tàn yín ni."

Mo kó àwọn àgbà àti ọkọ ìyàwó sínú ọkọ̀. Orí iṣu ni ọkọ ìyàwó jókòó sí dé Ẹ̀fọ̀n.

Oòrùn ti yí nígbà tí a dé. Wọ́n ti rò lóòótọ́ pé àna ò wá mọ́, wọ́n ti ń kó àga kúrò, àyàfi ọ̀kan: ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹ̀, ó nà tantan. Àwọn ìyàwó ilé wa dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin pé àna ò ní wọlé lórí ìdúró. Mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ìyáálé wọn dá mi dúró.

"Níbo?"

"Ilé mi ni mò ń wọ̀."

"Bàbá ìyàwó ti wà lórí àga láti àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá àna wá, àna ni yín. Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Wọ́n lè wọlé," ó ní, "tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ tán."

Mo ti fẹ́ bínú, ni ọmọ mi yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n má baà lọ!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ wò ó, àyà mi kanlẹ̀! Orí ìgúnpá ni ọkọ ìyàwó dúró sí, nítorí agbádá. Èmi ni àwọn obìnrin hó fún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí gbogbo wa dìde, ó ní a ti rí ìyàwó gbà.

Bẹ́ǹṣì àlejò ni wọ́n fi mí sí, láàárín àwọn àna. Ẹran tí wọ́n bù fún wa tóbi ju ti onílé lọ fíìfíì, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wo ẹran ọwọ́ mi láti orí àga bàbá ìyàwó.