Owó Tí Kò Níhò

"Gba ẹ̀pìnnì wá o. Má gba tọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Ilésanmí sọ kẹ́yìn fún Oyèbọ̀dé, àbúrò rẹ̀, nìyẹn. Kò dágbére. Kò súre. Sísì kan ló fi rán an, kó lọ ra búrẹ́dì tọ́rọ́ nísàlẹ̀ ọjà Ìkàrẹ́, kó sì rí i pé ẹ̀pìnnì oníhò, ìdajì kọ́bọ̀, ni wọ́n fi san ṣéńjì rẹ̀, kì í ṣe tọ́rọ́ kan gbagidi.

"Ẹ̀pìnnì mẹ́fà láàárọ̀ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ fi ta ayò ni?" Oníbúrẹ́dì ló wí bẹ́ẹ̀. Ó kà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbínú. Oyèbọ̀dé so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó gòkè padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ilésanmí ti gbé orí lé máṣíìnì ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ.

"Bùrọ̀dá, ó ṣì gbóná o."

Búrẹ́dì ló ń sọ. Bùrọ̀dá ò dáhùn.

Ikọ́ ló pa á. Ikọ́ àyà náà ti bá a láti kékeré, ní Ọ̀kà níbi tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Kò lè gun òkè lọ sóko kó má jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn ni bàbá wọn fi mú un wá sí Ìkàrẹ́ láti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Oyèbọ̀dé ní tirẹ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì, ó gba ọkọ́. Ó máa ń ru iṣu wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ọ̀kà, á sùn tì í, á bá a lọ aṣọ, á padà. Ilésanmí lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó kú. Kò fẹ́yàwó. Kò rìn kọjá Ọ̀wọ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ rìn dé Áílándì, nílùú òyìnbó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí ọdún 1954, Fádà ará Áílándì kan tó wà ní míṣọ́ọ̀nù gbé sútánà wá kó bá òun tún etí rẹ̀ rán. Ilésanmí fọwọ́ bọ àpò aṣọ náà, ó bá kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Kọ́bọ̀ náà tóbi bíi tiwa, ó pọ́n bíi tiwa, àmọ́ kò níhò láàárín. Àgbébọ̀ adìyẹ kan ló wà lára rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Ilésanmí ò lè ránṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Fádà dé, ó nà án sí i.

"Fádà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìyẹ lọba yín ni?"

Fádà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kó máa mú un lọ. Ilésanmí kọ̀. Ó yọ kọ́bọ̀ oníhò kan nínú àpò tirẹ̀, ó fi lé Fádà lọ́wọ́, kó tó gba adìyẹ.

"Kọ́bọ̀ fún kọ́bọ̀," ló wí. "Ọ̀fẹ́ kì í tọ́jọ́."

Fádà wá sọ fún un pé òun ní ìbátan kan nílé, Mísítà Kẹ́lì, tó ń pín lẹ́tà káàkiri abúlé lórí kẹ̀kẹ́, tó sì ń ṣa owó wẹ́wẹ́ ìlú gbogbo jọ. Bí wọ́n ṣe mọra nìyẹn. Grace, tíṣà ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù, ló ń bá Ilésanmí kọ̀wé sí i, òun náà ló ń ka èsì.

Ilésanmí ní bó ṣe ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Owó tó bá dá wà nínú àpòòwé á máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, afọwọ́rá á sì gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, á gé aṣọ funfun kékeré, á rán àpò tín-ín-tìn-ìn-tín sí i, á fi owó kọ̀ọ̀kan sí ilé tirẹ̀, á rán ẹnu rẹ̀ pa. Kẹ́lì á tú u nílé rẹ̀, á kó tirẹ̀ sínú aṣọ kan náà, á rán an padà. Òwú aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń rán an lọ́hùn-ún. Ilésanmí máa ń gbé e sójú, á ní, "Kì í ṣe Kẹ́lì ló rán èyí. Ọwọ́ obìnrin ni. Ó ń fa òwú le jù."

Báyìí ni ẹlẹ́dẹ̀ tòun tọmọ ṣe dé Ìkàrẹ́. Ehoro dé. Ajá dé. Akọ màlúù dé. Agolo bísíkíìtì kan ló ń kó wọn sí. Kì í gba owó tuntun, kì í sì í fi tuntun ránṣẹ́.

"Èyí tó ń dán yẹn, kí ló rí láyé?" á wí. "Fún mi ní èyí tó ti ra iyọ̀. Èyí tọ́mọdé ti dì mọ́ ọwọ́, tó fi sunkún lójú ọ̀nà."

Àwọn tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín.

"Télọ̀! Wọ́n ní o ń fi kọ́bọ̀ ra kọ́bọ̀. Èrè dà níbẹ̀?"

"Ó wà lábẹ́ ìyẹ́ adìyẹ."

"Òyìnbó ń gbọ́n ọ lójú ni o!"

"Kẹ́lì náà, wọ́n ń sọ fún un níbẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ń gbọ́n ọn lójú. Ẹ jẹ́ ká jọ gọ̀."

Nígbà kan, Kẹ́lì kọ̀wé béèrè bóyá àwa fúnra wa la ń lu ihò sáàárín owó wa ká lè so ó mọ́ ọrùn. Ilésanmí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí Grace kọ ọ́ pé rárá, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀ kí owó má baà làágùn. Grace kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lílu yẹn kì í ṣe eré lójú Ilésanmí. Ó rí tọ́rọ́ kan rí nídìí ọmọ kan, tí wọ́n ti fi ìṣó dá a lu. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ fún Oyèbọ̀dé nígbà tí ọmọ náà lọ tán:

"Owó tí wọ́n bá ti lu, ó ti kú. Kò lè ra nǹkan kan mọ́. Níbi tó dé nìyẹn, kò tún níbi tó ń lọ."

Ẹṣin nìkan ló kù tí kò tíì ní. Owó tó tóbi jù nínú tiwọn ló wà lára rẹ̀. Kẹ́lì ní òun á fi ẹṣin ránṣẹ́, tí Ilésanmí bá lè bá òun rí owó oníhò tó jẹ orúkọ Ọba Ẹ́dúwọ́ọ̀dù, ọba tó kúrò lórí oyè kí wọ́n tó dé e ládé. Owó oníhò tiwa ò ní ojú ọba, orúkọ nìkan ló yí ihò ká, ìyẹn ni wọ́n fi tètè rọ ọ́ kí ọba náà tó lọ. Inú ṣéńjì lásán ló wà, láàárín àwọn tí orúkọ Jọ́ọ̀jì wà lára wọn. Kẹ́lì ní òun ò mọ ibòmíràn tí òun á ti rí i.

Ilésanmí kọ́ Oyèbọ̀dé ní ohun tó máa wò. "Lẹ́tà àkọ́kọ́. Tó bá ká kòǹgọ̀ bí ìkọ́, Jọ́ọ̀jì ni, ná an. Tó bá rí bí ìyarun eléyín mẹ́ta, gbé e wá kíákíá, má ṣe bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà."

Wọ́n ń wá ọba yẹn títí. Ìdí ẹ̀pìnnì àárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ọ̀kà. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sin ín. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, nítorí náà bàbá wọn wà nínú yàrá, ìyá wọn wà láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n dì í mú. Àwọn àgbà ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò lójú ìyá rẹ̀. Àbúrò bàbá wọn kan gbé máṣíìnì. Ojúọlá, àbúrò bàbá wọn obìnrin, gbé agolo bísíkíìtì. Oyèbọ̀dé rí i bó ṣe ń gbé e lọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀.  Ṣùgbọ́n ó rò ó pé Ojúọlá á bá òun tọ́jú rẹ̀ ni, òun á gbà á tí ẹkún bá rọlẹ̀.

Ó padà sí Ìkàrẹ́ láti fi aṣọ oníbàárà jíṣẹ́. Nígbà tó tún gòkè dé Ọ̀kà, àwọn ọmọ ilé ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀, nǹkan sì ń tàn lọ́rùn wọn. Ajá wà lọ́rùn ọ̀kan. Ẹlẹ́dẹ̀ wà lọ́rùn òmíràn. Ìyátúndé, ọmọ-ọmọ Ojúọlá, ló so adìyẹ. Alágbẹ̀dẹ ti lu ihò gba ọrùn adìyẹ gan-an kọjá. Àwọn ọmọ adìyẹ ṣì ń ṣa ilẹ̀ nísàlẹ̀.

Ojúọlá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dé, wò wọ́n! Wọn ò ha rẹwà?"

"Ìyá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe? Mo bá wọn parí ẹ̀ ni. Ta ló ń rọ owó tí kì í dá ihò sí i? Báwo ni wọ́n á ṣe so ó?"

"Wọn kì í so ó, Ìyá."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù! Ṣé kì í ṣe nínú àpò aṣọ Fádà ni wọ́n gbàgbé ẹ̀ sí?"

Oyèbọ̀dé na ọwọ́ mú kọ́bọ̀ tó wà lọ́rùn Ìyátúndé. Ó ń wo ọrùn adìyẹ.

"Ẹ̀yin ò bi mí léèrè," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀gbọ́n mi ní èyí tí wọ́n bá ti lu, ó ti kú."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ojúọlá. Ó jókòó sílẹ̀ lójú kan náà.

"Òun náà ńkọ́?" ló wí. "Òun náà kò ha ti kú? Ó lọ, kò fi ọmọ sílẹ̀, kò fi aya sílẹ̀. Orúkọ ta ni wọ́n á máa fi pè é? Mo ní kí ohun tirẹ̀ wà lọ́rùn àwọn ọmọ, kí wọ́n máa ru ú káàkiri. Ìyẹn ló burú?"

Oyèbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sùn sí Ọ̀kà lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àpòòwé Áílándì dé. Grace gbà á ní pósítọ́fíìsì, ó sì mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kà á lórí ìdúró. Kẹ́lì ní Fádà kọ̀wé sí òun pé àyà Ilésanmí kò dá. Ó ní ọ̀rọ̀ ọba kò kánjú mọ́. Kí ẹṣin máa bọ̀ ná. Nígbàkúùgbà tí ọba bá dé, kó tẹ̀lé e.

 Grace ká ìwé náà bó ṣe wà.

"Ṣé kí n kọ ọ́ sí i pé ó ti kú?"

"Ẹ ṣì dúró ná, Tíṣà."

Grace fi ọwọ́ gbá etí tábìlì tí máṣíìnì ń gbé tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń gbọn eruku. Ó lọ.

Ìròyìn tètè rìn. Ojúọlá sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́, òwú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹṣin dé. Ọmọ tuntun tó wà nílé kò tíì ní tirẹ̀."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò lè fi sílẹ̀."

Oyèbọ̀dé kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí láti ìgbà tó ti dáyé. Ojúọlá sún mọ́ ọn.

"Kì í ṣe torí owó?"

"Kì í ṣe torí owó. Kí ọ̀kan ṣáà wà tí wọn ò lu."

Ojúọlá wé òwú náà mọ́ ìka rẹ̀. Ó tú u. Ó tún un wé. "Agídí ẹ̀gbọ́n rẹ lo mú," ló wí, ó sì gbọ̀nà Ọ̀kà lọ.

Ìparí oṣù ni onílé fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Oyèbọ̀dé jókòó sórí ilẹ̀, nítorí àga pàápàá ti lọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti dọ̀tí nítorí àlọ àti àbọ̀, òwú aláwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti yọ ẹṣin. Ó wúwo lọ́wọ́. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, bí ẹni fẹ́ máa lọ.

Ìgbà náà ló tú etí aṣọ rẹ̀. Láti àárọ̀ búrẹ́dì kò tíì tú u. Bó ṣe so ó náà ló fi lọ síbi òkú. Ó tẹ́ ẹ̀pìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀. Lẹ́tà tó ká kòǹgọ̀. Òmíràn tó ká kòǹgọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ti pá, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó fi àtàǹpàkò nù ún. Òun náà ká kòǹgọ̀. Kò sí ìyarun níbẹ̀.

Kọ́bọ̀ fún kọ́bọ̀ ni Ilésanmí ń ṣe. Ẹ̀pìnnì mẹ́fà kò tó ẹṣin, kò sì jẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ohun tó ní kí wọ́n gbà wá nìyí. Kò sí òmíràn tó rán ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ló máa lọ bá Kẹ́lì.

Ó tú òwú aláwọ̀ ewé náà díẹ̀díẹ̀, kí aṣọ má baà ya. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ náà sórí itan. Ó wá abẹ́rẹ́ nínú pàlàpálá ògiri níbi tí Bùrọ̀dá máa ń fi í sí. Òwú kọ́kọ́ kọ̀, kò wọlé. Ó fi itọ́ ẹnu rin ín, ó tún un gbìyànjú, ó wọlé. Ó fi ẹ̀pìnnì kìíní sí ilé tirẹ̀, ó ń rán ẹnu rẹ̀ pa, kò fa òwú le jù.