Owó Wúrà tí Bàbá Wọn Fi Sílẹ̀

Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọ̀tá nítorí owó wúrà àtijọ́ kan, tí a kọ Lárúbáwá sí lára, tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Bàbá mi ló mú un pamọ́ sílé wa ní Mushin. Nígbà tí àìsàn dá ẹ̀gbọ́n wó ní Ọ̀yìngbò, ó ránṣẹ́ pe bàbá mi. Bàbá mi ní torí owó náà ni, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n kú.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, èmi àti bàbá mi gbé owó náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Pápá Àjàó, pé kó gé e sí méjì, kí àwọn ọmọ olóògbé lè gba tiwọn. Alágbẹ̀dẹ họ etí owó náà, ó kán omi tí wọ́n fi ń dán wúrà wò sí i. Ó hó, ó di àwọ̀ ewé.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Idẹ ni."

A gba Ọ̀yìngbò lọ. Bàbá mi gbé e síwájú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ohun tí a gbọ́.

Opó kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ọkọ mi ń bèèrè títí tó fi dákẹ́. Kò dárúkọ owó."

Bàbá mi ń fi etí agbádá nu ojú.