Irúgbìn Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Òórùn ìrẹsì tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ó dà bí òórùn koríko tí oòrùn pa, pẹ̀lú eruku díẹ̀. Bí mo bá gbọ́ òórùn náà níbi kan ní Adó, àyà mi á kọ́kọ́ já, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti tán tipẹ́. Ìyàwó oṣù mẹ́rin ni mí nígbà náà. Ìjẹ̀bú ni mo ti wá, olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi, a gba yàrá méjì ní àdúgbò Adébáyọ̀, owó oṣù wa sì ń rìn bí ìgbín. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ mi kò fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ ará òkèèrè. Wọn kò bú mi rí o, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó ń wo iṣu tí kò mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́ nínú. Ohun tí mo fẹ́ fi yí wọn lérò padà ni kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan tó wà nílé ìdáná wa.

Mo ti pinnu pé bí owó oṣù bá fi oṣù méjì gbáko dúró, ìkòkò mi kò ní dojú dé. Gaàrí ni mo kọ́kọ́ rà, kí ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú? Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ra ẹ̀wà, mo da ata gbígbẹ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mo ra èlùbọ́, iyọ̀, egúsí, ẹja gbígbẹ àti epo pupa kẹ́ẹ̀gì kan. Irú, mo fi iyọ̀ sí i, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Màmá mi máa ń sọ pé bí a gúnyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó, ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì ń tún sọ fáwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo kọ orúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sára ike rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Ike funfun ńlá kan ṣoṣo ló ṣófo, nísàlẹ̀ pátápátá. Ìrẹsì ni mo fi í pa mọ́ dè, àmọ́ ìrẹsì ti wọ́n kọjá agbára mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni ike yẹn ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ Túsìdé kan, awakọ̀ kan tó ń ná Ìgbẹ́mọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì eléèpo sílẹ̀. “Ìyá ní kí n gbé e fún yín,” ló wí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ mi kò sí nílé, wọ́n ti rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní Àkúrẹ́. Ìyá ọkọ mi sì máa ń fi iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti Ìgbẹ́mọ, nítorí náà kò ya mí lẹ́nu. Mo pè wọ́n láti dúpẹ́, fóònù wọn kò lọ. N kò tún un pè. Ojú mi ti wà lára ike funfun.

Ọjọ́ kejì, bí a ṣe jáde níléèwé báyìí, mo gbé àpò náà lọ sílé ẹ̀rọ kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wò mí.

“Àǹtí, ẹ ò bọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wá? Á rún o.”

“Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ,” ni mo dá a lóhùn, mo sì gbé orí sókè.

Ká sòótọ́, n kò mọ̀ pé wọ́n ń fi omi gbígbóná bọ ìrẹsì, wọ́n ń sá a, kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́rọ. Inú báàgì ni mo ti ń bá ìrẹsì pàdé láti kékeré. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn, níí mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ìrẹsì náà rún wómúwómú lóòótọ́, àwọn tí èèpo ṣì wà lára wọn sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ike mi kún. Mo kọ ÌRẸSÌ sí i lára, mo dúró, mo ń wo kọ́bọ́ọ̀dù mi bí ọba tó ń wo ìlú rẹ̀.

Ọ̀sán Tọ́sìdé ni ọkọ mi pè mí níléèwé.

“Jọ̀wọ́, mo gbàgbé láti sọ fún ẹ. Atẹ́gùn ṣí òrùlé Màmá, wọ́n ní kí wọ́n gbé irúgbìn ìrẹsì wọn sọ́dọ̀ wa kí òjò má pa á. Ṣé ó ti dé? Má jẹ́ kí omi kàn án o. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé, wọ́n ti kọ ilẹ̀.”

Mo ní ó ti dé. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ní irú ìrẹsì yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ ní gbogbo ìdílé wọn, pé ìyá tó bí Màmá ló fi lé wọn lọ́wọ́. Irúgbìn tí ẹ̀rọ ti bó, ta ló lè dá èèpo rẹ̀ padà?

Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo sá lọ sí Ọjà Ọba. Mo lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń bèèrè ìrẹsì eléèpo. Ìyá oníìrẹsì kan tó ti dàgbà wò mí tàánú-tàánú.

“Ọmọ mi, ẹni tó bá ní irúgbìn kì í gbé e wá sọ́jà. Òjò ti dé, gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀. Irú èwo gan-an lo tiẹ̀ ń wá?”

N kò mọ irú èwo. Bí mo ṣe ń padà lọ sílé lórí ọ̀kadà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irọ́ sínú. Mo ti gbọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, àmọ́ ogún ọdún ti tó mi lọ́jọ́ yẹn. Màá ní eku ló jẹ ẹ́. Màá ní wọ́n fa àpò ya, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ìtàn náà ti dùn débi pé èmi fúnra mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ìyá ọkọ mi ti jókòó lórí àga ní fàráńdà. Ọjọ́ kan ṣíwájú ọjọ́ tí wọ́n dá ni wọ́n dé.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sáré lọ bu omi. Nígbà tí mo máa padà, wọn kò sí ní pálọ̀ mọ́. Wọ́n ti wọ ilé ìdáná pẹ̀lú ata gbígbẹ tí wọ́n mú wá, wọ́n ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti gbé e síbẹ̀.

“Ìyàwó, ulé rẹ mà mọ́ o,” ni wọ́n ń wí. “O mọ ilé tọ́jú.” Ọwọ́ wọn sì kan ike funfun. Wọ́n ṣí i. Wọ́n bu ìrẹsì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé, wọ́n wo ìlà pupa tó wà lára hóró rẹ̀, àmì irú tiwọn. Wọ́n wẹ̀yìn wò mí.

“Àpò mi ńkọ́?”

“Màmá, eku…”

“Eku?” Ohùn wọn kò lọ sókè rárá. “Eku wo ló mọ̀nà ilé ẹ̀rọ?”

Kọ́ọ̀bù omi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. “Ìrẹsì yèyé mi ni,” wọ́n wí. “Nígbà tí gbogbo èèyàn gba irú tuntun, èmi nìkan ni mi ò gbà.” Wọn kò sọkún. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n sọkún, tàbí kí wọ́n gbá mi létí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nínú omi tó dànù yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, tó fi mọ́ irọ́ eku. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè.

Lójijì wọ́n ní, “Ṣé o bọ̀ ọ́?”

Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń kà sí mi lọ́rùn. “Ẹ má bínú, Màmá. N kò bọ̀ ọ́. N kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ ọ́.”

“O ò bọ̀ ọ́?”

“Rárá, mà.”

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ọlọ́run, o ṣé! O ṣé tí ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan!” Wọ́n ní èyí tí a bá ti bọ̀ ti kú, kò lè hù mọ́, àmọ́ tútù ni èyí, èyí tí ẹ̀rọ kò bó nínú rẹ̀ lè wà láàyè. “Gbé àtẹ wá.”

A jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ohun tí àwọn obìnrin ń ṣà dànù nínú ìrẹsì ni àwa ń ṣà pa mọ́. A ṣà á títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ọkọ mi dé láti Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ kò dáhùn ìkíni rẹ̀, wọ́n kàn na àtẹ kan sí i. Ọrùn ń dùn mí, ojú ń ta mí, n kò jẹ́ dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ kò kún agolo mílíìkì kan. Ìyá ọkọ mi dì í sétí aṣọ wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ ti gbọ̀n ọ́n, àwọn kò mọ̀ bóyá yóò hù. Wọ́n lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, n kò lè jẹun kó dùn lẹ́nu mi. N kò fọwọ́ kan ike funfun. Lọ́jọ́ kẹwàá, fóònù dún.

“Ìyàwó.”

“Mà?”

“Ó hù.”

Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíláàsì níwájú àwọn ọmọ, mo bú sẹ́kún.

Ọdún mẹ́ta ni ìrẹsì inú agolo yẹn fi ń bí sí i kó tó tún kún àpò. Láti ìgbà náà, bí ìyá ọkọ mi bá fi ìrẹsì ránṣẹ́, awakọ̀ á ní, “Ìyá ní kí n sọ fún yín pé jíjẹ lèyí o, kí ẹ sọ fún eku.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ojú á sì tún tì mí díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún wọn kò gba oko mọ́. A pàdé nílé wọn ní Ìgbẹ́mọ, àwọn ọmọ wọn obìnrin wà níbẹ̀, tí wọ́n mọ ìrẹsì í gbìn, tí wọ́n mọ̀ ọ́n bọ̀. Ìyá ọkọ mi di irúgbìn ọdún náà, wọ́n kọjá lára gbogbo wọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọmọ wọn àgbà bèèrè ìdí rẹ̀.

“Òun nìkan ló ti sọ ọ́ nù rí,” ni wọ́n wí.

Ó wà nínú ike funfun báyìí, nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti nu ÌRẸSÌ kúrò lára rẹ̀. N kò kọ nǹkan kan sí i mọ́.