Bátìrì Tí Abdulganiyy Gbé Lọlé

Oṣù kẹta rèé tí Abdulganiyy ti ń wa tìrélà fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan n'Íkòtún láìrí owó oṣù. Kì í kúkú ṣe pé wọn ò fẹ́ san án. Ìgbàkígbà tó bá bèèrè ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún, máníjà wọn, máa ń sọ pé ìdílé kan ni gbogbo àwọn. Òótọ́ sì ni: ta ló ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀?

Nígbà tí onílé rẹ̀ n'Ígàǹdó wá lérí nítorí owó ilé pé òun máa fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, Abdulganiyy ṣe ohun tí àwọn awakọ̀ máa ń ṣe: ó yọ bátìrì tìrélà rẹ̀, ó gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó dilé. Tí mọ́tò ò bá lè gbéra, ọ̀gá á sanwó.

Àdíját ìyàwó rẹ̀ wo ẹrù náà. "Bàbá Hamdalah, owó oṣù nìyí?"

"Ohun tó máa fà á wá ni."

"Ó wúwo ju owó lọ ṣá."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fowó ra bátìrì tuntun, ó gbé Zikrullah, awakọ̀ kékeré kan níbẹ̀, sórí mọ́tò náà, wọ́n di ẹrù ìyẹ̀fun sí i, ó di Ìlọrin. Owó kúkú wà. Ọ̀nà ilé awakọ̀ ni ò mọ̀.

Abdulganiyy nà gbalaja lórí ẹní nígbà tí Zikrullah pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Epo nìkan ni wọ́n rà. Wọn ò fún mi lówó oúnjẹ kankan."

"Ẹrù ṣì wà lórí mọ́tò?"

"Ó wà, sà."

"Páàkì síbẹ̀, jàre. Sùn."

Ó mí kanlẹ̀. Àṣìṣe tòun nìyẹn: mọ́tò òfìfo lòun dá dúró. Ta ló ń sunkún mọ́tò òfìfo?

Kí wọ́n tó pe ìrun Alaásàrì, máníjà ti pe Abdulganiyy.

"Alhaji mi!"

"Mi ò tíì lọ Mẹ́kà, sà."

"Ẹ bá mi bẹ Zikrullah. Oníyẹ̀fun fẹ́ fọ́ mi lórí. Ọmọ yẹn ní ẹ̀yin nìkan lòun máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu."

"Ẹnu ọ̀hún ti gbẹ, sà. Ebi ni."

Owó oúnjẹ Zikrullah dé ọwọ́ rẹ̀, owó oṣù kan wọlé fún Abdulganiyy. Onílé gbà á, ó kà á, ó ní òun ń retí ìyókù.

Lọ́jọ́ Ajé, Abdulganiyy padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó oṣù méjì ṣì wà lọ́hùn-ún. Ta ló ń fi ohun ìní ẹ̀ sílẹ̀ lọ?