Ìbéèrè Kòkó ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà

Kó! Hóró àgbàdo mi dún nínú abọ́ onírin, àwa ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. A ti gba ìbéèrè tí àwọn ọmọ iwájú ò gbà. Orí mi wú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà kan ládùúgbò wa l'Óǹdó ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àwọn iléèwé ṣì máa ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn kọ ìbéèrè ìdánwò. Kò jẹ́ fi ìkankan ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ dán an wò lára wa. Òórùn kòkó tí wọ́n sá síta á máa fẹ́ wọlé, àwa á máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Á kó àwọn tó mọ̀wé sọ́tùn-ún, á kó àwa olódo sósì, iye kan náà. Ẹni tó bá gba ìbéèrè á ju hóró kan sínú abọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí tọ̀tún bá pọ̀ jù, ìbéèrè dáa, ó ya ẹni tó mọ̀wé sọ́tọ̀. Bí tiwa bá pọ̀ jù, á ní, "Ara ìbéèrè yìí ò yá."

Èmi ò wá ṣeré níbẹ̀ o. Bàbá mi ti ní kó bá òun wò mí: bí orí mi ò bá gbé ìwé, oko Bọ́lọ́rundúró ló kàn. Ìbéèrè tí mo gbà yìí, ìdí tí àgbẹ̀ fi ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù, òun nìkan ni mo gbà látàárọ̀.

Ìyá àgbà wo abọ́ méjèèjì. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo máa ń bá bàbá mi bò ó ni, mà. Wọ́n ní kó lè móoru ni."

Ó fa igi lé ìbéèrè náà, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Áà, ọmọ olóko ni mò ń wá, mo rò pé ọpọlọ ni mò ń wá."

Ni mo bá bú sẹ́kún. "Èyí nìkan ni mo gbà, mà."

"Nu ojú ẹ, gbọ́ òmíràn." Ó ṣàlàyé fún gbogbo wa pé ewé ló ń jẹ́ kí kòkó móoru. Bí àgbẹ̀ ò bá wá réwé, ṣé agbọ̀n ni kó fi dé e ni, àbí kó fi àpò tó nípọn bò ó?

A kì í lo àpò lóko wa. Mo ronú títí, mo wá rántí bí aṣọ ìbora ṣe máa ń mú mi móoru lásìkò ọyẹ́. "Àpò, mà. Ooru ò ní ríbi jáde."

Lọ́tẹ̀ yìí abọ́ ọ̀tún ló pọ̀ jù, bó ṣe yẹ kó rí, àmọ́ hóró tèmi wà nínú tiwa. Ìyá àgbà nawọ́ ẹ̀pà sí mi, ó sì pe bàbá mi, tó wá mú mi lọ sílé, láti ojú fèrèsé pé, "Ọmọ yìí ń ronú. Fi í sílẹ̀ síléèwé."

Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, iṣẹ́ kíkọ ìbéèrè àti dídán an wò yìí kan náà ni mò ń ṣe; kọ̀ǹpútà ló kàn ń bá wa ṣírò rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìbéèrè tí mo fi gbogbo ara kọ ló máa ń já kulẹ̀. Mo máa ń yọ ọ́ dànù tẹ̀ríntẹ̀rín, torí ọjọ́ tí ìyá àgbà gba máàkì kan ṣoṣo tí mo ní lọ́wọ́ mi ni mo tó mọ̀ pé mo lọ́pọlọ.