Odídẹ Bàbá Mi Tó Ń Fa Ìyẹ́ Ara Rẹ̀ Tu

Òórùn àgbàdo sísun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí odídẹ wa dójú ti bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí Ọ̀yọ́. Bàbá ìjọ wa wá gbàdúrà fún wa, àdúrà rẹ̀ sì gùn ju ọ̀nà Ìrẹsà lọ. Ó ń gbàdúrà fún Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ ni odídẹ fi ohùn bàbá mi gan-an sọ láti inú àgò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ṣé àdúrà yìí ò ní í tán ni?"

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo ki etí ìró ìyá mi bọ ẹnu. Bàbá mi, ahunṣọ tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún, kò lè gbójú sókè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gbé ẹyẹ lọ sí yàrá iṣu, ó ti ilẹ̀kùn.

Oṣù kan kò tíì pé tí odídẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ fa ìyẹ́ àyà rẹ̀ tu. Ìyá mi ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, ó fi àdín pa á lára. Pàbó ló já sí, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Bàbá ní bí kò bá jáwọ́ kí òun tó lọ ta aṣọ ní Ọ̀yọ́, òun yóò tà á fún àwọn tó ń wá ìkóódẹ. Àwọn wọ̀nyẹn kò sì ní ohun tí wọ́n ń fi ẹyẹ ṣe lẹ́yìn ìyẹ́ ìrù rẹ̀. Mo sunkún. Mo fẹ́ràn odídẹ yẹn ju àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí mo bá wọ yàrá iṣu lọ jókòó tì í tí mò ń rojọ́, tí mo fún un ní èèpo àgbàdo, èèpo ni yóò máa ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí mo bá dìde, yóò padà sí ìyẹ́ àyà rẹ̀. Mo lọ dúró níwájú òfì bàbá mi.

"Bàbá, kò ṣàìsàn, ó dá wà ni. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ 'àwá dé'."

Mo ti ń retí ìgbátí. Ẹ̀rín ló bú sí. "Ó dáa, ìwọ ni yóò lọ bẹ Bàbá ìjọ."

Mo sáré lọ. Bàbá ìjọ ní, "Ẹ gbé e padà síta. Èmi náà mọ̀ pé àdúrà mi máa ń gùn."

Ẹyẹ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń fún un ní èèpo lójoojúmọ́, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń hù díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ mi gbé ibùsùn mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kí n lè rí ìsinmi. Mo ní ẹ ṣeun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbèjà odídẹ yẹn kì bá tí gbà.