Àwọn Ọdẹ Inú Èlùbọ́ Jàlálù

Ọjọ́ tí wolé-wolé sá jáde nílé ẹ̀rọ tí Jàlálù fi ń lọ èlùbọ́ láìmú akoto rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn olóògbé náà ní Ìlobùú. Wọ́n ní ìgbà tí ọkùnrin náà dúró, Ìfọ́n ló bá ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Òṣogbo ló ti wá.

Rísíkátù, ìyàwó Jàlálù, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni jìnnìjìnnì ti mú un. Ó ṣí àpò èlùbọ́ kan, ó rí i pé ojú èlùbọ́ náà ń rìn. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ó kàn ń rọra rìn, bí ẹni tó ń mí.

Ó ké sí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Hàfúsátù! Ẹ wá o! Èlùbọ́ ti ní ẹ̀mí!"

Wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bó bá rí kòkòrò, yóò dáná sun gbogbo àpò, yóò fi àgádágodo ti ilé ẹ̀rọ. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń jẹun.

Jàlálù ki awò tí àwọn atúnaagoṣe fi ń sọ ohun kékeré di ńlá bọ ojú, ó nà gbalaja ní igun tó máa ń da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo àtijọ́ sí, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá. Ó dìde tẹ̀ríntẹ̀rín.

"A ti ní ọdẹ! Wá wò ó."

Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni Rísíkátù rí nínú awò, ẹnu rẹ̀ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ó di ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò funfun inú èlùbọ́ mú, ó ń fà á mu bí ọsàn, títí ó fi ku awọ. Obìnrin náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sun ún. Bó bá jẹ wọ́n tán, ta ló kàn?"

"Ọdẹ tí kì í tọrọ ìbọn lo fẹ́ sun?" Jàlálù bu ìdọ̀tí igun náà tòun ti àwọn ọdẹ inú rẹ̀, ó wọ́n ọn sí gbogbo àpò.

Lọ́jọ́bọ̀, wolé-wolé dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú èlùbọ́. "Bàbá, kí ló ń rìn níbí?"

"Ẹran ni, sà. Ẹ wo ọdẹ tó ń lé e." Jàlálù ki awò bọ̀ ọ́ lójú, ó wá rọra sọ létí rẹ̀ pé, "Ẹ má mí o, sà. Ó ń wò yín."

Ìgbà náà ni wolé-wolé sá jáde, tó fi akoto sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ní Ìfọ́n pé ẹranko náà tó ewúrẹ́. Nígbà tí ìròyìn náà fi dé Ẹ̀rìn, ó ti hu ìwo.

Lẹ́yìn oṣù kan, wolé-wolé padà dé tòun ti àgádágodo. Rísíkátù gbé kọ́nkọ́sọ̀, ó ń jọ èlùbọ́ lójú rẹ̀, àpò kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn ọdẹ ti jẹ kòkòrò tán; kò sí ohun tó mira. Ọkùnrin náà ti àgádágodo bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Akoto mi dà?"

Jàlálù nawọ́ sí adìẹ tó ń sàba nínú rẹ̀. "Ẹ ní sùúrù, sà. Ó ku ọjọ́ márùn-ún."

Jàlálù kú ní 1959. Bí àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ṣe ń bọ̀, Hàfúsátù ọmọ rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ wọ ilé ẹ̀rọ.

"Má gbá igun yẹn!" ni Rísíkátù pariwo.

Ó nà gbalaja bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ki awò bọ ojú. Àwọn ọdẹ wà níbẹ̀, tẹ̀mú tẹ̀mú. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Síbẹ̀, ó wọ́n èlùbọ́ àtijọ́ díẹ̀ tó ti ní kòkòrò sí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Bàbá yín ní kí n máa kí yín."